Bí Ìkíni Ọlọ́wọ́ Méjì Ṣe Gba Ìbọn Lọ́wọ́ Ọlọ́pàá

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé àánú ló mú kí àwọn tó ń jọba lé wa lórí nígbà náà gba ìbọn lọ́wọ́ àwọn ọlọ́pàá wọn, ẹ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kí ẹ tó dá a lóhùn. Ìjọba tó gba ilẹ̀, tó gba owó orí, tó gba orúkọ òkè àti odò lẹ́nu wa, tó sì fi orúkọ àwọn ìyá àgbà tirẹ̀ rọ́pò wọn, irú ìjọba bẹ́ẹ̀ kì í fínnúfíndọ̀ gbé nǹkan sílẹ̀. Ìgbéraga ọkùnrin kan ló fà á. Ọkùnrin náà ni Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá, ẹni tí gbogbo ìlú mọ̀ sí Ẹ-Kí-Mi.

Kì í ṣe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ lókè òkun nìyẹn o. Àwọn ará ìlú ló fi ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ, akọ̀wé rẹ̀ sọ fún un pé oyè àwọn akọni ni, ló bá ní kí wọ́n kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì. Ọkùnrin náà kò ga ju àgbá omi lọ, ṣùgbọ́n bàtà rẹ̀ ga, fìlà rẹ̀ ga ju bàtà lọ, ìyẹ́ ẹyẹ sì tún wà lórí fìlà. Bí ẹ bá yọ bàtà, tí ẹ yọ fìlà, tí ẹ yọ ìyẹ́, ohun tó kù kò ju ohun tí èèyàn lè dì sínú àpò.

Ẹni tí ìyà rẹ̀ ń jẹ jù ni Sájẹ́ǹtì, ọmọ ìlú wa tó ti wọ aṣọ ọlọ́pàá títí irun funfun fi ń yọ lágbárí rẹ̀. Iwájú rẹ̀ ni gbogbo wàhálà náà ti bẹ̀rẹ̀, ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí wọ́n tò sórí pápá, tí kálukú gbé ọwọ́ ọ̀tún kan etí fìlà láti kí Ọ̀gá, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe.

"Ọwọ́ kan!" ni Ẹ-Kí-Mi pariwo. Ó ń sọ èdè wa bí ẹni tó ń fi eyín fọ́ òkúta. "Ọwọ́ kan ṣoṣo! Mo sọdá òkun, mo fi ìyá mi sílẹ̀, mo fi ajá mi sílẹ̀, mo gbé ìmọ́lẹ̀ wá fún yín, ẹ wá ń fi ọwọ́ kan kí mi! Ọwọ́ kejì ńkọ́? Kí ló ń ṣe? Ta ló ń kí?"

Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tí ọwọ́ òsì òun ń kí.

Akọ̀wé fò síwájú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu Ọ̀gá kó sì fi oyin sí i. "Ọ̀gá mi, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Ọ̀wọ̀ tó wúwo bíi tiyín, báwo ni ọwọ́ kan ṣe fẹ́ gbé e? Ẹlẹ́dàá gan-an ló ṣe àṣìṣe tó fún wa ní méjì péré."

"Ó gbìyànjú," ni Ẹ-Kí-Mi wí, bí ẹni tó ń dárí ji Ẹlẹ́dàá.

Sájẹ́ǹtì wúkọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Bí a bá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ta ni yóò bá wa di ìbọn mú?"

Ẹ-Kí-Mi wo ìbọn náà bí ẹni pé òun ló sọ̀rọ̀. "Kí ó dojú bolẹ̀! Àbí ìbọn ju ẹni tó ni ín lọ ni?"

Bí òfin ṣe di òfin nìyẹn. Bí Ọ̀gá bá ti yọ, kí ìbọn sùn sílẹ̀, kí ọwọ́ méjèèjì kan etí fìlà, kí ojú wà lára Ọ̀gá, kí ẹnu pa dé, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ ọwọ́ kalẹ̀ àfi tí Ọ̀gá bá sọ pé, "Ó tó."

Nǹkan yí padà nígboro. Bí ọlọ́pàá bá ń lé olè lọ, tí Ẹ-Kí-Mi bá yọ lórí ẹṣin rẹ̀, ọlọ́pàá á dúró gbagidi, á tẹ́ ìbọn sílẹ̀, á gbé ọwọ́ sókè. Olè á dúró díẹ̀ wò ó, nítorí ìran ni, á wá máa bá tirẹ̀ lọ jẹ́jẹ́. Lọ́jọ́ kan, ọlọ́pàá kan ń mú ẹlẹ́wọ̀n lọ sí kóòtù, wọ́n bá Ẹ-Kí-Mi pàdé ní ìkóríta. Ó ń bá akọ̀wé rẹ̀ jíròrò lórí inú rírun ẹṣin rẹ̀, ó sì gbàgbé láti sọ pé ó tó. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Ẹlẹ́wọ̀n wo ìbọn nínú ẹrẹ̀, àánú ṣe é, ó gbé e, ó fi ẹ̀wù rẹ̀ nù ún, ó há a sábẹ́ abíyá títí Ọ̀gá fi kọjá.

"Ẹ gba ẹrù yín o," ló wí fún ọlọ́pàá. "Ẹ jẹ́ ká yára, adájọ́ yẹn kì í fẹ́ ẹni tó bá pẹ́."

Nígbà tí Ẹ-Kí-Mi béèrè bí ìlú ṣe rí, akọ̀wé ní, "Ọ̀gá mi, olè ti tán. Láti ìgbà tí òfin ọlọ́wọ́ méjì ti dé, a ò tíì rí ẹyọ kan mú."

Ẹ bá wa wo irú ọpọlọ tó ń ṣàkóso èèyàn!

Ká ní ibẹ̀ ló mọ ni, ẹ̀rín là bá máa rín. Ṣùgbọ́n Ẹ-Kí-Mi kíyè sí nǹkan kan tí kò jẹ́ kó gbádùn oúnjẹ mọ́. Ó ní gbogbo ayé ló ń rí ẹwà òun nígbà tí wọ́n bá ń kí òun, àfi òun nìkan. Ìrẹ́jẹ gbáà! Ló bá rántí odò. Ibì kan wà ní etí odò náà tí omi ti dúró jẹ́ẹ́ bíi dígí. Ó ní kí wọ́n kọ́ pèpéle síbẹ̀, kí òun máa dúró sórí rẹ̀ láràárọ̀, kí òun kọ ẹ̀yìn sí àwọn ọlọ́pàá kí òun sì dojú kọ omi, kí òun lè máa wo ara òun bí wọ́n ti ń kí òun.

Ohun kan ṣoṣo ló kù. Ibẹ̀ gan-an ni àwọn alágbàfọ̀ ti ń fọṣọ. Ọṣẹ wọn á máa hó, ìhó náà á sì máa bo ojú Ọ̀gá nínú omi.

"Ẹ fi igi sọ ọgbà yí i ká," ni Ẹ-Kí-Mi wí. "Ẹni tó bá kọjá ọgbà náà wá fọṣọ, kí wọ́n yìnbọn lù ú." Ohùn tó fi ń ní kí wọ́n gbé tíì wá ló fi sọ ọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n sọgbà náà tán, ẹ̀gbọ́n Sájẹ́ǹtì obìnrin wọlé sí yàrá rẹ̀ ní bárékè láìkan ilẹ̀kùn. Alágbàfọ̀ lòun náà, òun sì ni olórí wọn. Afúnṣọgbẹ ni wọ́n ń pè é, nítorí pé aṣọ tó bá ti kọjá lọ́wọ́ rẹ̀, oòrùn ò ní iṣẹ́ púpọ̀ ṣe lára rẹ̀ mọ́.

"Ṣé òótọ́ ni?"

"Ẹ jókòó ná, ẹ̀gbọ́n mi."

"Mi ò wá jókòó. Ṣé òótọ́ ni pé ẹ máa pa wá nítorí ojú ọ̀gá yín?"

"Ẹ lọ máa fọ̀ ọ́ lókè odò."

"Níbi tí àwọn tó ń ṣe awọ ń da omi awọ sí? Aṣọ ilé ìwòsàn ni kí n lọ fi omi awọ fọ̀? Ṣé kí aláìsàn máa gbóòrùn ewúrẹ́ títí yóò fi kú ni?"

"Ìsàlẹ̀ odò ńkọ́?"

"Àpáta ni ìsàlẹ̀ odò. Ìwọ lọ dúró lórí ẹ̀ kí n wò ọ́. Kò síbòmíràn, o sì mọ̀. Ibẹ̀ ni ìyá wa ti fọ aṣọ tó fi bọ́ wa. Nígbà tó kú, ibẹ̀ ni mo ti ń fọ aṣọ aláṣọ pẹ̀lú ìwọ lẹ́yìn mi, tí o ń tọ̀ sí mi lára."

"Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn ọmọ wà níbí."

"Kí wọ́n gbọ́! Bàbá wọn tọ̀ sára mi! Ọ̀rọ̀ kan ni mo wá bi ọ́. Ta ni yóò pàṣẹ pé kí wọ́n yìnbọn?"

Sájẹ́ǹtì wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wo inú ìkòkò. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé ẹnu Sájẹ́ǹtì ni àṣẹ máa ń gbà jáde. Bí ó bá sì kọ̀, kí oòrùn tó wọ̀, ẹní, ìkòkò àtàwọn ọmọ á ti wà níta bárékè, òun á sì wà nínú túbú.

"Ẹ má wá lọ́la," ló wí. "Mo bẹ̀ yín."

"À ń bọ̀ lọ́la," ni Afúnṣọgbẹ dáhùn. "Aṣọ ò ní fọ ara ẹ̀."

Lóòótọ́ ni wọ́n wá. Oòrùn ti mú díẹ̀ nígbà tí wọ́n yọ, ẹrù aṣọ lórí kálukú. Wọn ò kọrin, wọn ò sọ òkúta. Ọ̀rọ̀ ọṣẹ tí kì í hó dáadáa mọ́ ni wọ́n ń sọ láàárín ara wọn. Sájẹ́ǹtì ti to àwọn ọlọ́pàá rẹ̀ sí ìlà kan níwájú ọgbà.

"Ẹ dúró!" ló kígbe sí wọn.

Wọn ò dúró.

"Ẹ múra!" ló kígbe sí àwọn ọlọ́pàá. Ìbọn gòkè, ó dúró sí èjìká. Tirẹ̀ náà gòkè. Ẹnu ìbọn rẹ̀ sì dojú kọ Afúnṣọgbẹ gan-an, nítorí òun ló wà níwájú. Obìnrin náà ń wò ó. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù. Sájẹ́ǹtì la ẹnu. Ohun tí ì bá ti ẹnu náà jáde, ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ọ́n, òun tó ni ẹnu náà ò mọ̀ ọ́n.

Fèrè ló dún. Ẹ-Kí-Mi yọ lórí ẹṣin, akọ̀wé ń sáré tẹ̀lé e. Irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ kò lè jẹ́ kí wọ́n pa èèyàn láìtíì kí òun.

"Ẹ kí mi!"

Òfin ni òfin. Ìbọn sùn sílẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì gòkè. Ẹ-Kí-Mi sọ̀ kalẹ̀, ó gun pèpéle, ó kọ ẹ̀yìn sí gbogbo ayé, ó wo inú omi. Ó rí ara rẹ̀.

"Áà," ló sọ jẹ́jẹ́. "Èmi rèé." Lẹ́yìn náà ló wá gbé ohùn sókè. "Ẹ̀yin èèyàn ìlú tí orí yín ṣe rere yìí! Kí ni odò yìí kí n tó dé? Omi lásán! Ẹja ń wẹ̀ níbẹ̀ láìgba àṣẹ! Lónìí ó ti di dígí, dígí náà sì ti rí ẹni tó yẹ ẹ́! Bàbá bàbá mi jagun. Nígbà tí ogun gbóná, ó fi ọgbọ́n sá. Ọgbọ́n yẹn ni mo jogún, òun ni mo fi ń ṣàkóso yín!"

"Hẹ̀n-ín! Ẹ tún un sọ, sà!" ni akọ̀wé ń wí lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle, ọwọ́ méjèèjì létí fìlà, ojú rẹ̀ pa dé nítorí adùn ọ̀rọ̀.

Afúnṣọgbẹ sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Ó rìn wá síwájú àbúrò rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì gbójú sókè wò ó bí ẹni tó ń tọrọ iyọ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Bí a bá ń kí ọ̀gá náà, à máa ríran. Sájẹ́ǹtì rí gbogbo rẹ̀. Bó bá kígbe ẹyọ kan péré, ọ̀rọ̀ á yí padà. Ṣùgbọ́n òfin sọ pé kí ẹnu pa dé, kí ojú má kúrò lára Ọ̀gá. Láti ọjọ́ tó ti wọ aṣọ ọlọ́pàá, kò pa òfin mọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ó tẹ ojú mọ́ ẹ̀yìn ọrùn Ẹ-Kí-Mi bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n kọ àdúrà sí.

Obìnrin náà gbé ìbọn, ó tẹ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì kan, ó wé e bí ẹni wé ọmọ tuntun, ó gbé e lérí. Obìnrin kejì ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ọlọ́pàá kan tí kò tíì pẹ́ nídìí iṣẹ́ fi bàtà tẹ ìbọn tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò mọ̀ pé ìyá ìyàwó òun ló wà nísàlẹ̀.

"Gbé ẹsẹ̀," ni ìyá náà sọ fún un lábẹ́lẹ̀.

Ó gbé e.

Ojú ara rẹ̀ nìkan ni Ẹ-Kí-Mi ń wò nínú omi, kò rí wọn. Wọ́n gba ẹnu ọ̀nà ọgbà wọlé, wọ́n rìn wọnú odò títí omi fi mù wọ́n dé àyà, wọ́n tú ẹrù aṣọ wọn láti fi omi ṣàn án. Ohun tó bọ́ nínú aṣọ náà bọ́ sínú ibú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n padà sí ibi tí omi kò ti jìn, wọ́n bu ọṣẹ, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.

"...nígbà tí ìran tó ń bọ̀ bá sì béèrè," ni Ẹ-Kí-Mi ń wí, "pé irú ojú wo ni ọkùnrin ńlá yìí ní—"

Ìhó ọṣẹ dé. Ó kọ́kọ́ bo àgbọ̀n rẹ̀, ó bo irunmú, ó bo ojú. Ẹ-Kí-Mi rò pé omijé ayọ̀ ni, ó nu ojú. Ìhó ò lọ. Ìbọ̀sẹ̀ kan léfòó kọjá lórí imú rẹ̀ nínú omi.

Ó yí padà. "Ẹ yìnbọn!"

Ẹnikẹ́ni ò mira.

"Mo ní ẹ yìnbọn, ẹ̀yin aláìgbọràn!"

Akọ̀wé la ojú kan. "Ọ̀gá mi, ẹ ò tíì sọ pé ó tó."

"Ó TÓ!"

Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n fọwọ́ wá ilẹ̀ bí ẹni abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Koríko ni wọ́n bá. Wọ́n nàró padà.

"Ìbọn dà?"

"Wọ́n dojú bolẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe pàṣẹ, sà," ni Sájẹ́ǹtì wí. "Ibi tí wọ́n gbà lẹ́yìn ìyẹn, a ò lè wò ó. Ojú wa wà lára yín."

Ìbọn ìjọba kì í sọnù kí ọ̀gá sùn. Ẹ-Kí-Mi ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, ó ń rìn láti ògiri dé ògiri títí ìyẹ́ orí fìlà rẹ̀ fi tẹ̀. Akọ̀wé ló yọ ọ́.

"Ọ̀gá mi, ìbọn ò sọnù. Ẹ ti kọjá ìbọn ni."

"Ṣàlàyé."

"Ta ló ń lo ìbọn? Ẹni tí ojú rẹ̀ ò lè bani lẹ́rù."

Ẹ-Kí-Mi wo dígí. Ó gbà bẹ́ẹ̀. Ó rán wáyà sí Gómìnà pé òun ti dá irú ọlọ́pàá kan sílẹ̀ tí ayé kò rí irú rẹ̀ rí, ọlọ́pàá aláìníbọn, tó jẹ́ pé ojú ọ̀gá wọn nìkan ló ń mú ìlú tòrò. Ó wá yíjú sí Sájẹ́ǹtì. "Bí Gómìnà ò bá gbà á gbọ́, ìwọ lo jí ìbọn tà. Wọ́n á yẹgi fún ọ."

Gómìnà gbà á gbọ́. Àwọn àgbà òkè òkun ti ń kùn sí i lẹ́tí pé ọta ìbọn ń gbówó, àwọn oníwèé ìròyìn sì ń ka òkú èèyàn sí wọn lọ́rùn. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni Gómìnà náà, tí ohùn rẹ̀ kì í kọjá iwájú rẹ̀, tí ooru kì í jẹ́ kó sùn. Ó dé, ó wọ̀ sí ilé àlejò ìjọba, ó sì ránṣẹ́ pe Ẹ-Kí-Mi.

"Ó dára púpọ̀," ló wí. "Mo fẹ́ fi ojú mi rí i. Ṣé ẹnikẹ́ni ń rú òfin nílùú yìí?"

Akọ̀wé ò lè rí ìbéèrè kó má dáhùn. "Àwọn alágbàfọ̀ ṣì ń fọṣọ níbi tí Ọ̀gá kà léèwọ̀, sà."

"Ó dára. Lọ lé wọn. Fi ojú rẹ lé wọn. Mò ń bọ̀ wá wò ó," ni Gómìnà sọ fún Ẹ-Kí-Mi.

Bí Ẹ-Kí-Mi ṣe dé etí odò nìyẹn, Sájẹ́ǹtì àtàwọn ọlọ́pàá lẹ́yìn rẹ̀, láìsí ìbọn kankan. Sájẹ́ǹtì mọ̀ pé bí àwọn obìnrin náà ò bá lọ, òun ni wọn ó yẹgi fún. Bí wọ́n bá sì lọ, kí ni wọn ó jẹ?

"Ẹ̀yin obìnrin! Ẹ wo ojú mi!"

"A ti rí i, sà," ni ọ̀kan nínú wọn wí láìgbójú sókè. "Ẹ kúrò lójú oòrùn wa."

Afúnṣọgbẹ ń bá aṣọ funfun gbàràmù kan jà, aṣọ tí kì í ṣe fífún fẹ́nì kan. Ó wo yíká, kò rí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀ àfi Ẹ-Kí-Mi.

"Ẹ ò ní máa dúró lásán, sà. Ẹ di ìdí ibí mú."

Kí orí Ọ̀gá tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti gbà á.

"Ẹ lọ́ ọ sí ọ̀tún! Agbára yín dà? Ẹ fún un! Hẹ̀n-ín, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ ṣeun, ẹ mọ̀ ọ́n o!"

Ẹ-Kí-Mi rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ má jẹ́ ká rẹ́ ẹ jẹ: gbogbo ìyìn tí wọ́n ti ń rọ̀ lé e lórí láti ọjọ́ yìí wá, èyí nìkan ni wọ́n fi yìn ín fún ohun tó ṣe ní tòótọ́.

Fèrè dún. Gómìnà dé. Àwọn ọlọ́pàá gbé ọwọ́ kan kí i. Ó yí ojú sí Ẹ-Kí-Mi, ó sì dúró kó kí òun.

"Ẹ má jẹ́ kó bọ́ o!" ni Afúnṣọgbẹ kígbe. "Aṣọ bẹ́ẹ̀dì Gómìnà ni!"

Ó ti bọ́. Ẹ-Kí-Mi ti sọ ọ́ sílẹ̀, ọwọ́ méjèèjì ti wà létí fìlà, ó sì fi bàtà lu ilẹ̀ gbàù bí ọ̀gá ológun. Orí aṣọ náà ni bàtà bà sí. Ẹrẹ̀ ta dé ṣòkòtò Gómìnà.

Gómìnà wo aṣọ náà títí.

"Ṣé orí ìyẹn ni mo máa sùn?" ló béèrè jẹ́jẹ́.

Ọkọ̀ ojú omi tó kọ́kọ́ kúrò ní èbúté ló gbé Ẹ-Kí-Mi lọ. Ẹ gbọ́ dáadáa o. Kì í ṣe nítorí pé ó fẹ́ pa àwọn ìyá wa ni wọ́n fi lé e. Ìyẹn ò sí nínú ẹ̀sùn rẹ̀. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ni. Gómìnà ní ọlọ́pàá aláìníbọn dára, owó rẹ̀ kò pọ̀, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i, wọ́n sì fi í joyè lókè òkun. Kí ọkọ̀ náà tó pòórá lójú omi, akọ̀wé ti ń bi ọ̀gá tuntun pé ọwọ́ mélòó ló fẹ́ kí àwọn máa fi kí i.

Kò sẹ́ni tó tún fẹ́ wo ara rẹ̀ nínú omi, wọ́n bá tú ọgbà. Wọ́n ní kí Sájẹ́ǹtì máa rìn kiri etí odò gẹ́gẹ́ bí irú ọlọ́pàá tuntun náà, ẹnu àti ọwọ́ lásán. Bí àwọn alágbàfọ̀ bá ń jà lórí òkúta ìfọṣọ, á bẹ̀ wọ́n, wọ́n á bú u, á tún bẹ̀ wọ́n.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó jókòó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí obìnrin náà ti ń fọ ẹ̀wù ọlọ́pàá kan.

"Àbúrò," ni Afúnṣọgbẹ wí láìwò ó, "ọjọ́ yẹn, ká ní ọ̀gá rẹ ò dé. Ṣé wàá ti pàṣẹ náà?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, irú ìbéèrè wo nìyẹn? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ pọ̀n mí?"

"Mo ní ṣé wàá ti pàṣẹ náà."

Sájẹ́ǹtì rántí bí ẹnu rẹ̀ ṣe là sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó rántí ẹní, ìkòkò, àtàwọn ọmọ. Ó wá irọ́ kan tó dùn, kò rí i.

"Mi ò mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

Obìnrin náà fún ẹ̀wù náà títí kò fi ku ẹ̀kán omi kan.

"Èmi náà ò mọ̀," ló wí. "Ìdí tí mo fi gbé ìbọn náà nìyẹn."

Ó gbọn ẹ̀wù náà gbọ̀ngbọ̀n, ó jù ú sí i láyà pé kó lọ sá a.